Irọ́ Tí A Pa fún Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi kú, gbogbo ayé ló gbọ́, àfi ìyá tó bí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, rédíò ti kéde rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwòrán rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìròyìn, àwọn òyìnbó tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí sì ti ń fi lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ láti àwọn ìlú tí ẹnu mi ò lè pè. Kódà, ìyá oníbúrẹ́dì tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá ní Fẹ́sítáàkì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ẹni ńlá lọ. Ìyá ọ̀gá mi nìkan, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló jókòó sórí ẹní ìkírun nínú yàrá rẹ̀ lókè, tó ń fa tẹ̀sùbáà, tó ń retí kí n wá sọ bí ara ọmọ òun ṣe rí ní ọsibítù.

Èmi náà ni mo lọ sọ fún un. Mo ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Mo ní àwọn dókítà ló ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí Kánádà, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé ìtọ́jú tó dára jù wà níbẹ̀, pé bàálù ti fẹ́ gbéra ni kò fi ráyè dágbére. Mi ò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán. Ìyá náà wò mí títí, ó ní, "Alihamudulilahi." Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ ẹnu fún ọmọ rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, òjò sì ni iṣẹ́ rẹ̀: bí òjò etíkun wa ṣe ń kóra jọ lójú òkun, ìgbà tó máa rọ̀, ibi tí omi rẹ̀ máa gbà. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ kó tó di pé àwọn yunifásítì òkè òkun ń ránṣẹ́ pè é. Lọ́jọ́ kan ni bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì rí i mú dáadáa mọ́. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ọrùn tẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó wá kan ahọ́n. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìka méjì àti ojú nìkan ló ṣẹ́kù tó ń ṣe ohun tó bá fẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti wúwo débi pé àlejò máa rò pé ńṣe ló ń kérora. Àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí jù, inú kẹ̀kẹ́ arọ ló ti sọ ọ́, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni fúláàtì ìsàlẹ̀ nínú ilé kan náà. Mo ti ka ìwé mi tán, iṣẹ́ ò sí, mo kàn jókòó tí mo ń jẹ ẹ̀bà bàbá mi ni. Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n wá máa bá ọmọ òun kọ̀wé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í kí n tó máa gbọ́ ohun tó ń wí láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, àwa méjì péré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yé, ìyá rẹ̀ àti èmi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ ní Àmúwo, ẹni tí mò ń pè ní Bọ̀dá, kì í dá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹnì kan nínú wa ò bá sí nítòsí.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, bó tilẹ̀ wúwo. Ará àdúgbò tó bá fẹ́ ṣílé á wá bi í bóyá òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Á ní kí n sọ fún un pé òun kì í ṣe ìránṣẹ́ òjò, kó lọ háyà kánópì. Èmi á rẹ́rìn-ín sí àlejò, mo á ní, "Wọ́n ní ẹ kú ìnáwó, ẹ ṣáà múra sílẹ̀." Ojú ọ̀gá mi á le. Á ní kí n padà sọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ní, "Ẹnu ni mo gbà ọ́ fún, mi ò gbà ọ́ fún làákàyè. Má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe." Ó dùn mí, mo fi ọjọ́ méjì dijú mọ́rí. Nígbà tó yá ló tó yé mi pé ẹni tí ohun gbogbo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan, kò ní fẹ́ kí ẹlòmíì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Òtútù àyà ló pa á. Ọkọ̀ aláìsàn ló gbé e lọ sí ọsibítù lórí ibùsùn; ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ó lọ ní ìdájí ọjọ́ kẹrin. Èmi àti Bọ̀dá la wà níbẹ̀; orúnkún ò jẹ́ kí ìyá wọn lè lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn bi mí lẹ́yìn náà pé kí ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn, bí ẹni pé ó yẹ kó ti fi àṣírí òjò lé mi lọ́wọ́. Omi ló ní kí n fi tọ́ òun létè.

Láti ọsibítù, agboolé bàbá wọn ní Àmúwo la gbà lọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú wọn kì í sùn síta, wọ́n máa sin ín lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà jókòó yí ká, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ yanjú kì í ṣe ibi tí wọ́n máa gbẹ́, ìyá ni. Wọ́n ní òbí kì í gbọ́ ikú ọmọ lójijì. Wọ́n ní kì í rí òkú rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀, èèwọ̀ ni. Kí a kọ́kọ́ sọ pé ó rìnrìn àjò. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, àwọn àgbà á wá lọ fi ọgbọ́n tú u fún un. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n ṣe é fún ìyá bàbá tèmi náà. Àmọ́ Bọ̀dá yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ìwọ ni Màmá gbà gbọ́. Ìwọ lo máa ń jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fún wọn. Tó bá ti ẹnu ẹ jáde, ó parí."

Mo lè kọ̀. Mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀ láti ọdún wọ̀nyí, ibi kan náà ni mò ń já sí: mo lè kọ̀, mi ò sì kọ̀. Kì í ṣe pé mo bọ̀wọ̀ fún àṣà. Ẹ̀rù ló bà mí láti jẹ́ ẹni tí ìyá yẹn máa ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ. Irọ́ rọ̀ mí lọ́rùn ju òótọ́ lọ, mo bá gbé irọ́. Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwa obìnrin dúró sẹ́yìn lágbàlá, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó iyẹ̀pẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ilé tí ìyá rẹ̀ jókòó sí ní Fẹ́sítáàkì, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo wọ ọkọ̀ padà lọ sọ fún un pé Kánádà ni ó wà.

Irọ́ ọ̀hún wá di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bọ̀dá yọ bátìrì rédíò ìyá rẹ̀, ó ní ó ti bàjẹ́, òun máa gbé e lọ fún àwọn atúnrédíòṣe ní Mázàmázà. A bẹ ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà pé kó má pe fóònù ìyá àgbà, nítorí ẹkún ló ń sun sórí tẹlifóònù. A tẹ́ ìwé ìbánikẹ́dùn sí pálọ̀ bàbá mi nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń sunkún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá lóun máa gòkè lọ kí Màmá, èmi àti Bọ̀dá á kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ ní ẹsẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n funfun kan ti Ìbàdàn wá, ẹni tó ti kọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn níwèé. Mo kọ́ òun náà pé kó ní ńṣe ni òun ń kọjá lọ tí òun ní kí òun yà. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà gbàgbé, ó nu ojú, ó gòkè.

Obìnrin kan tó ti bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ rí ò lè ṣe é. Bó ṣe fojú kan Màmá báyìí, igbe ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bọ̀dá sáré ní wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ gbé ní Máìlì Tuu ni. Màmá bá dìde, ó fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní kó má sunkún mọ́, kó dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú mi sí.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Àwa tá a jẹ́ ará àti ọ̀rẹ́ ń ṣọ̀fọ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó ni ọ̀fọ̀ wà lókè, wọ́n ní kó máa jẹ mọ́ínmọ́ín. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, ó sì ń bí mi sí ara mi jù. Mo bi Bọ̀dá pé ọjọ́ wo ni àwọn àgbà ń bọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, ó tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe àdúrà fídáù fún un ní Àmúwo. A sọ fún Màmá pé ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ṣe lágboolé. Àṣé a ò ronú dé ibi tó yẹ. Nígbà tí mo gòkè lọ sọ fún un pé a ti ń lọ, mo bá a lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti wé gèlè, báàgì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀. Ó ní ṣebí ilé ọkọ òun ni wọ́n ti fẹ́ sọmọ lórúkọ, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bọ̀dá ní ọkọ̀ ti kún. Ó ní orúnkún wọn ò ní gbà fún wọn. Màmá ò bá a jiyàn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì jáde sí bákónì láti juwọ́ sí wa. Nígbà tí a dé, Bọ̀dá gbé àkàrà sàárà fún un. Ó bù ú jẹ díẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run gba àdúrà.

Èyí tó burú jù fún mi ni ti àárọ̀. Lẹ́yìn tó bá kírun tán, á ní kí n wá, á bi mí pé, "Kí ló wí?" Èmi tí mo ní fóònù lọ́wọ́ á ní wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí. Mo á ní wọ́n ní kí n kí yín, kí ẹ máa jẹun dáadáa, kí ẹ má máa ronú, òtútù mú níbẹ̀ ṣùgbọ́n ara wọn ń le sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn, ọ̀rọ̀ tó kún fún ìfẹ́. Ọkùnrin tó ní kí n má bá òun tún ọ̀rọ̀ òun ṣe, èmi ni mo wá ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí lẹ́nu ọ̀nà láti le ojú mọ́ mi. Mo máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀, mo á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bàbá mi, mo á ṣí omi bí omi bá wà, mo á sunkún níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá ni mò ń ká àwọn ìwé ọ̀gá mi jọ nígbà tí mo rántí nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ náà ní ìwọ̀n ara rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń gbá ọrùn rẹ̀ mú. Bó bá jókòó sí òmíràn, kì í mí délẹ̀. Kò sí ìrìn àjò kan tó rìn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n tí kẹ̀kẹ́ yẹn kì í kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ẹni náà la ní ó ti bá bàálù lọ sí Kánádà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wà ní pálọ̀ wọn lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn àgbà agboolé, Bọ̀dá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, kò sẹ́ni tó rò ó.

Mo sáré wọ pálọ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo pe Bọ̀dá bóyá òun ló gbé e kúrò, ó ní òun kọ́, bóyá èmi ni. Mo ní èmi náà kọ́. A ò wá rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa rí i kẹ́yìn, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá wọ ibẹ̀, ojú Màmá là ń sá fún.

Màmá wà ní balùwẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo wọ yàrá rẹ̀. Láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, mo rí ìró àdìrẹ rẹ̀ kan tó bo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo gbé etí aṣọ náà sókè. Kẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n ti fi aṣọ tútù nu táyà rẹ̀ mọ́ féfé. Mo ṣì di aṣọ náà mú nígbà tí ó wọlé, tí omi ń kán lápá rẹ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ọjọ́ tí o ní ó lọ sí Kánádà ni mo ti tì í wọlé síbí. Mo wò ó nínú pálọ̀, mo ní bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá rí nǹkan yìí, ojú á tì wọ́n."

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Ó ní kí n dìde, n kò dìde. Ó wá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní bí mo ṣe gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ náà, òun ti mọ̀. Ó ní àti pé iṣẹ́ tí mò ń jẹ́ láràárọ̀ yẹn, kì í ṣe ọmọ òun ló ń rán mi. Láti kékeré, kò bi òun rí bóyá òun jẹun. Ẹnu tó fi máa bi òun, ó máa fi bi òjò.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, Màmá?"

Ó ní, "Ṣé ẹ sọ fún mi ni? Ẹ ti ṣe wàhálà tó. Bí mo bá sunkún, èmi ni gbogbo yín á máa bẹ̀, èmi ni ẹ ó máa ṣọ́. Ta ló máa wá ráyè sunkún tirẹ̀?" Ó tún ní, "Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí tèmi nù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi títí dòní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ dá mi dúró. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni òun fẹ́. Ó ní òun ò ní bi mí ní ibi tí wọ́n sin ín sí, èèwọ̀ ni, òun ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní, kí n sì dáhùn rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí?"

Mo mọ ìdí tó fi bèèrè. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Èjìká ibẹ̀ ti yẹ̀, egbò tí kì í jiná sì wà ní ìbàdí rẹ̀ lápá ibẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì tẹ́ ẹ sí ọ̀tún, á máa ké títí wọn á fi gbé e kúrò. Ìyá rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Kí orúnkún rẹ̀ tó di èyí tí kò gbé e mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i sí òsì, lẹ́yìn náà ó ń dúró ti ẹni tó bá ń yí i. Ìyá yìí sì mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa ń tẹ́ Mùsùlùmí sí kó lè kọjú sí gábàsì, ó ṣáà fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé tirẹ̀ yàtọ̀ ni.

Mo ti parọ́ fún un fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Kò sí èyí tó rọrùn láti pa nínú gbogbo wọn bí eléyìí. Mo lè ní àwọn àlùfáà rò ó, wọ́n yọ̀ǹda fún un. Ó wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú tí mo máa wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Mo ní, "Ọ̀tún ni, Màmá."

Ó mi orí. Ó gbé ọwọ́ tútù rẹ̀ lé ìhà ọ̀tún ara rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀.

Ó ní, "Á máa dùn ún. Kò sì sẹ́ni tó máa bá mi yí i."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún, àwọn tó wà ní pálọ̀ bàbá mi nísàlẹ̀ sì gbọ́ ọ.